Mélòó ló wà lórí ìlà? Lẹ́tà ṣíṣí sí JAMB àti àwọn rẹ́jísítírà yunifásítì ìjọba

Ẹ̀yin alákòóso JAMB, ẹ̀yin rẹ́jísítírà yunifásítì ìjọba lápapọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sì kú ìfaradà àwa òbí àti olùkọ́, torí mo mọ̀ pé lẹ́tà tó ń wọlé sọ́dọ̀ yín lójúmọ́ kò kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí dé ìsàlẹ̀.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Mo ní ilé lẹ́sìnnì kékeré kan ní Ìbàdàn: yàrá méjì, bẹ́ńṣì mẹ́rìnlá, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó jẹ́ pé ọjọ́ tí a bá fẹ́ lò ó gan-an ló máa ń yarí. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún UTME, ìdánwò JAMB tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Ìṣirò ni mo ń kọ́ wọn, àmọ́ ohun tí wọ́n ń bi mí jù lọ kò sí nínú ìwé ìṣirò kankan. Bí èsì bá ti jáde báyìí, ó di: "Sà, ṣé 247 lè gbé mi wọ Law?" "Sà, 271 ni mo gbà, ṣé ó tó fún Medicine?" Ìyá kan pè mí lórí fóònù láago márùn-ún ìdájí, kò tilẹ̀ tíì kí mi tán: "Ọ̀gá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, 219 lọmọ mi gbà. Ibo ló lè wọ̀?"

Mo sì máa ń dáhùn. Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi, ìwé gbọọrọ ẹlẹ́yìn búlúù irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń kọ gbèsè. Gbogbo ọmọ tó bá gba ọwọ́ mi kọjá ni mo ń kọ sínú rẹ̀: iye tó gbà nínú UTME, ẹ̀kọ́ tó yàn, ilé ìwé tó yàn, iye tó gbà ní post-UTME, ìyẹn ìdánwò tí ilé ìwé fúnra rẹ̀ ń ṣe, aggregate rẹ̀, ìyẹn àpapọ̀ méjèèjì, àti bóyá ó wọlé àbí kò wọlé. Cut-off ọdún tó kọjá, ìyẹn máàkì tó kéré jù tó wọ ẹ̀kọ́ náà, máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa. Bí òbí bá wá, màá ṣí ìwé, màá fi ìka tọ́ ọ, màá sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ríran.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Ọmọ tó mọ nǹkan ni. Ó gba 268. Yunifásítì tó yàn, tí n kò ní dárúkọ, máa ń fi 8 pín máàkì UTME, á fi 2 pín ti post-UTME, á wá ro méjèèjì pọ̀. 268 tí a fi 8 pín jẹ́ 33.5. Ó gba 62 ní post-UTME, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 31. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 64.5. Mo ṣí ìwé búlúù: cut-off ẹ̀kọ́ náà lọ́dún tó ṣáájú jẹ́ 61.5. Àlàfo máàkì 3 gbáko! Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Ọmọ yín ti wọlé." Ìyá náà, tó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Bódìjà, kò fi ọ̀rọ̀ mi ṣeré. Ó ra àpótí. Ó ra fóòmù ibùsùn. Ó ra bàtà funfun, nítorí ó ti rí i pé bàtà funfun ni àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé cut-off ọdún náà jáde, 67 ni. Orúkọ ọmọ kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́, kò sí nínú èkejì. A dúró títí ọyẹ́ fi dé. Àwọn ilé ìwé tí ì bá gbà á pẹ̀lú ìdùnnú ti tilẹ̀kùn wọn nígbà yẹn. Ìyá rẹ̀ kò bú mi rárá. Ó kàn wá lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ní, "Ọ̀gá Tíṣà, ẹ bá mi ṣí ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí la ṣì kà níbẹ̀?"

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun tí a ṣì kà.

Máàkì ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni 61.5. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ ibi tí ìlà gé sí lọ́dún yẹn, àmọ́ kò sọ iye èèyàn tó tò sórí ìlà. Bí ààyè bá jẹ́ 100 tí 700 ọmọ sì ń du ú, ibì kan ni ìlà máa gé sí. Bí ó bá di 1,500 ọmọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ààyè kò kúrò ní 100, àmọ́ ìlà máa gòkè. Bí ìbéèrè post-UTME bá sì rọrùn lọ́dún kan, máàkì gbogbo èèyàn ló máa wú, ti ẹni tó wọlé àti ti ẹni tí kò wọlé. Ọmọ wa rò pé òun ga. Gbogbo wọn ló dúró sórí àpótí. Mo mú okùn tí a fi fa omi nígbà òjò, mo ń fi wọn kànga ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀yin JAMB, kí n tó béèrè ohun tí mo fẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn yín níbi tí ìyìn wà, torí ẹ máa ń gbé àkọsílẹ̀ kan jáde tí mo ń lò dáadáa. Lọ́dún 2024, ẹ sọ pé èsì 1,842,464 ló jáde. Nínú wọn, 439,974 ló gba 200 sókè. 77,070 ló gba 250 sókè. 8,401 péré ló gba 300 sókè. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ya èèyàn 100 sójú bọ́ọ̀dù bí igi ìṣáná, mo ní kí wọ́n ka àwọn tó gba 250 sókè. Mẹ́rin ni! Ọmọkùnrin kan tó gba 253 dìde, ó tẹ́ apá, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Òótọ́ ni, ó ti fi èèyàn márùndínlọ́gọ́rùn-ún sẹ́yìn nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ tán. Mo wá bi wọ́n pé, "Nínú àwọn igi ìṣáná yìí, èwo ló máa lọ du Medicine ní UI?" Kíláàsì dákẹ́. Ọmọbìnrin kan ló fèsì láti ẹ̀yìn: "Sà, mẹ́rin yẹn náà ni." Ó gbà á! Àwọn tó ti fi gbogbo ayé sẹ́yìn ló ń pàdé ara wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ibi tí ọmọ wà láàárín gbogbo Nàìjíríà kò sọ ibi tó wà lórí ìlà tó yàn. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń pa àwọn òbí lára, kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń kà lórí rédíò fún wọn.

Rédíò náà tún ni ibi tí ọ̀rọ̀ cut-off gbogbogbò ti ń dàrú mọ́ wọn lójú. Ní 2017, ìpàdé yín fẹnu kò sí 120 fún yunifásítì. Ní 2023 àti 2024, ó jẹ́ 140. Ní 2025, ó di 150. Òbí tó gbọ́ "150 ni cut-off yunifásítì" láàárọ̀, tí ọmọ rẹ̀ gba 188, máa se ìrẹsì lọ́sàn-án. Èwo ni kí n sọ fún un? Mo máa ń sọ pé 150 yẹn, àyè àtiwọ gáréèjì ni. Kò ní ká má bi awakọ̀ bóyá ìjókòó ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀. Ẹ lè bá wa wá orúkọ mìíràn fún un, ẹ pè é ní máàkì tó kéré jù tí ilé ìwé lè wò, kí ẹ fi orúkọ cut-off sílẹ̀ fún ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ti 2025 kan náà tún kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Iye tí ẹ kọ́kọ́ kéde jẹ́ èsì 1,955,069, tí 12,414 nínú wọn gba 300 sókè. Kò pẹ́ tí ẹ jáde wá sọ pé àṣìṣe wà ní ibùdó 157, ní agbègbè Èkó àti ti Ìlà-Oòrùn Gúúsù, pé ọmọ 379,997 máa tún ìdánwò ṣe. Inú mi dùn pé ẹ jẹ́wọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí iléeṣẹ́ ìjọba jẹ́wọ́ ní gbangba. Àmọ́ mo ti kọ iye àkọ́kọ́ sínú ìwé búlúù kí ìjẹ́wọ́ tó dé. Mo fa ìlà sí i, mo kọ "èyí kọ́ ni ìkẹyìn" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mélòó nínú àwọn olùkọ́ lẹ́sìnnì ló fa irú ìlà bẹ́ẹ̀?

Ó kan ẹ̀yin rẹ́jísítírà wàyí.

Ìlànà gbígba ọmọ sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ pín ààyè sí mẹ́ta: 45 nínú 100 fún merit, ìyẹn máàkì nìkan, 35 fún catchment, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ìwé ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí a kà sí pé ẹ̀kọ́ ò tíì gbilẹ̀ tó níbẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní ELDS. N kò bá yín jà lórí ìlànà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ bá yín jà lórí rẹ̀ pọ̀ nígboro. Mo kàn fẹ́ kí ẹ wo ohun tó ń ṣe sí ìṣirò. Ẹ mú ọmọ Ìkìrun kan àti ọmọ Ọ̀ffà kan. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra, wọ́n ń ná ọjà ara wọn, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Àmọ́ ọmọ Ọ̀ṣun ni ọ̀kan, ọmọ Kwara ni èkejì, Kwara sì wà nínú ELDS. Bí àwọn méjèèjì bá gba aggregate kan náà, tí wọ́n jọ yan ẹ̀kọ́ kan náà ní Ifẹ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn yàtọ̀. Cut-off kan ṣoṣo tí a bá lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n lè jẹ́ o, tí ọ̀kan bá lọ kọ orúkọ ìpínlẹ̀ ìyá rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. (Ẹ má bínú, mo ti rí i. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.)

UNILAG ń gbìyànjú níbi èyí. Wọ́n máa ń gbé cut-off merit jáde fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gbé ti àwọn ìpínlẹ̀ catchment wọn jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Èkìtì, Èkó, Ògùn, Oǹdó, Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́. Olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìyẹn. Síbẹ̀ gíga ilẹ̀kùn ló ń sọ fún wa. Kò sọ iye àwọn tó ń kàn án, kò sì sọ iye àga tó wà nínú ilé.

Èyí tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju kí ẹ fi ìyẹn kún un. Fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan: ọmọ mélòó ló fi ṣe àṣàyàn àkọ́kọ́? Mélòó ló jókòó ṣe post-UTME? Ààyè mélòó ni NUC, àjọ tó ń ṣàbójútó yunifásítì, fọwọ́ sí? Ní ti Medicine, tí MDCN, àjọ tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ dókítà, ń ka ààyè rẹ̀ lé ilé ìwé lọ́wọ́, mélòó ni? Mélòó ló wọlé nípa merit, mélòó nípa catchment, mélòó nípa ELDS? Kí ẹ má sì fi máàkì ẹni tó kẹ́yìn nìkan hàn wá. Ẹ fi máàkì ẹni tó wà láàárín gbùngbùn hàn wá pẹ̀lú. Ọmọ tó bá mọ̀ pé 67 lẹni ìkẹyìn, pé 71 lẹni àárín, mọ̀ pé etí bèbè lòun dúró sí bí òun bá gba 67.5, òun àti òbí rẹ̀ á tètè wá nǹkan mìíràn mú lọ́wọ́. Kí ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti ọdún márùn-ún, kí á lè rí i bóyá ìlà ń gòkè ni, àbí ó ń lọ sókè sódò bí ọmọ tó ń ṣeré jangirọ́fà.

Kí ó sì jáde kí ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Ọjọ́ tí ọmọ wà níwájú kọ̀ǹpútà nínú ibùdó CBT, tí ọkùnrin tó ń bá a tẹ̀ ẹ́ ń pariwo pé èrò pọ̀ lẹ́yìn, ọjọ́ yẹn ló ń yan yunifásítì rẹ̀. Kò tíì ṣe ìdánwò, kò mọ iye tó máa gbà, ó ti yàn. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà, owó ni, ìrìn àjò ni, àfi kí ilé ìwé tó fẹ́ lọ sì má tíì ti post-UTME tirẹ̀.

Kì í ṣe iṣẹ́ tuntun ni mo ń gbé fún yín. Láti 2017 tí CAPS, ètò orí kọ̀ǹpútà tí JAMB fi ń gba ọmọ wọlé, ti bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ ni ilé ìwé ti ń dábàá ọmọ, orí rẹ̀ ni JAMB ti ń fọwọ́ sí i, orí rẹ̀ náà ni ọmọ ti ń gbà tàbí kọ̀. Kíkà lásán ló kù, kọ̀ǹpútà ló sì máa kà á. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Manchester, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń múra yunifásítì, ó fi hàn mí lórí fóònù bí UCAS, iléeṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù yunifásítì lọ́hùn-ún, ṣe ń kọ iye tó béèrè àti iye tí wọ́n nawọ́ ààyè sí ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ní Amẹ́ríkà náà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń kọ iye tó béèrè, iye tí wọ́n gbà àti iye tó wá gan-an sínú ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Common Data Set. Mo jowú. N kò purọ́ fún yín.

Ẹnì kan nínú yín lè sọ pé bí a bá gbé iye yìí jáde, gbogbo ọmọ á sá kúrò níbi tó le, wọ́n á ya bo ibi tó rọ̀. Wọ́n ti ń sá káàkiri báyìí náà, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń lé wọn. "Ọmọ àbúrò mi wọ ibẹ̀ pẹ̀lú 220." Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ẹni tó wọlé ló ń sọ̀tàn. Ogójì tó ní 220 tí kò wọlé kì í kọ ọ́ sórí WhatsApp. Ẹlòmíràn sì wà tó máa ń wá bá òbí nílé lálẹ́, tó ní òun mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan. Ó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ mẹ́wàá. Mẹ́ta nínú wọn máa wọlé fúnra wọn, á ní òun ló ṣe é. Ó dá owó méje padà díẹ̀díẹ̀, tàbí kó má dá a padà rárá. Òkùnkùn ni ọjà ọkùnrin yẹn. Bí òbí bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mẹ́ta nínú mẹ́wàá irú ọmọ òun ló ń wọlé láìsí ẹnikẹ́ni, kí ló máa rí tà fún un?

Mo mọ̀ pé àkọsílẹ̀ yín kò ní sọ mí di wòlíì. Ká ní mo ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, bóyá ohun tí ì bá fi hàn mí ni pé ọmọ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó dúró síbi tí ọmọ ẹlẹ́fọ̀ọ́ dúró sí ló ń wọlé. Méjì ṣì máa wà níta. Òun ì bá sì wà nínú méjì náà. Ohun tó máa yí padà ni ẹnu mi. N kò ní sọ pé "ó ti wọlé." Màá sọ pé, "Màmá, nínú ọmọ mẹ́wàá bíi tirẹ̀, méjì kì í wọlé. Ẹ jẹ́ ká wá ilé ìwé kejì kó tó pẹ́." Ó ṣòro láti sọ fún òbí tó ti ń yọ̀. Mo ń kọ́ ọ báyìí, bí mo ti dàgbà tó yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé mẹ́ta nínú mẹ́wàá kì í ṣe "rárá," torí gbàrà tí wọ́n bá gbọ́ ọ báyìí, wọ́n á ju ìwé sílẹ̀.

Ìwé búlúù mi kò sì lè ṣe iṣẹ́ yìí fún mi. Ní ọdún mọ́kànlá, ọmọ mẹ́tàlá péré ló yan nọ́ọ̀sì nínú rẹ̀, sí ilé ìwé márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi mẹ́tàlá wọ̀n? Gbogbo wọn ló sì jẹ́ ọmọ tí òbí wọn rówó lẹ́sìnnì san. Ọmọ tó ń dá kàwé lábẹ́ iná òpópónà kò sí nínú ìwé mi, ó sì wà lórí ìlà pẹ̀lú wọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí gbogbo ìlà.

Ọmọbìnrin yẹn ń kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn báyìí, ní ilé ìwé mìíràn, kò sì dijú sí mi bí a bá pàdé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló máa kọ UTME lọ́dún yìí. Ìyá wọn ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí n gbé ìwé náà sílẹ̀. Mo ti fi rúlà fa òpó kan kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti cut-off. "Mélòó ló béèrè?" ni mo kọ sí orí rẹ̀. N kò tíì rí nǹkan kọ sí abẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan ní Ìbàdàn